Adájọ́ Tí A Fi Ìbò Yàn

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ará ìlú ni ó ń dìbò yan àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà fún sáà ọdún 10. Orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kì í sí lórí ìwé ìbò, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tì lẹ́yìn? Nígbà tí Susan Crawford borí Brad Schimel nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tí tọ̀tún-tòsì ná lé ní mílíọ̀nù 90 dọ́là.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí ó náwó lónìí lè di ẹlẹ́jọ́ lọ́la. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ West Virginia, níbi tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ awakùsà èédú kan ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là lórí ìbò adájọ́ ní ọdún 2004, tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà sì wá pàṣẹ ní ọdún 2009 pé adájọ́ tí ó wọlé náà kò gbọdọ̀ dá sí ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn.