Ẹnu Ẹ̀rọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ohun Tí Multi-tool Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọwọ́ ara ẹni tún ilé ṣe, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyà tó jẹ mí. Mo fẹ́ tẹ́ táìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ilẹ̀ máa ga sí i, ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn sì dínà: àfi kí n gé nǹkan bíi mìlímítà 12 kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ kí táìlì tó lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ayùn ọwọ́ ò ráyè níbẹ̀, ògiri ti há a mọ́. Gíráídà á gé férémù, á sì gé ògiri mọ́ ọn. Ẹnì kan ní multi-tool, ẹ̀rọ iná àfọwọ́dìmú tí abẹ rẹ̀ ń gbọ̀n, ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Mo wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, mo rà á, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ẹsẹ̀ férémù méjì péré ni, iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi, abẹ mẹ́ta ló sì bá a lọ. Èyí àkọ́kọ́ ń gé igi lọ geere, àfi bó ṣe han gooro lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn ẹ̀rọ yí padà, tí èéfín ń rú, tí òórùn igi jíjóná gba gbogbo yàrá. Mo yọ abẹ wò. Eyín rẹ̀ ti tán pátápátá, etí rẹ̀ ti di búlúù. Ìṣó ló wà nínú igi, ẹni tó kàn án ti kun ọ̀dà bò ó. Mo fi abẹ kejì sí i, mo wá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn parí sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ife omi ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ọwọ́ arúgbó. Mo ṣépè fún ẹ̀rọ yẹn títí. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ìdajì ẹ̀bi náà tèmi ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Abẹ rẹ̀ kì í yí po bíi ti gíráídà, kì í sì í lọ síwá sẹ́yìn bíi ti ayùn. Ó ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì ni, ìgbọ̀n kékeré tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìrìn abẹ láti ìkángun kan dé èkejì kò ju dígírì 3 sí 5 lọ, ṣùgbọ́n ó lè rìn ín tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ayùn tí àwọn dókítà fi ń gé POP, ìdè funfun líle, lára ẹni tí eegun rẹ̀ kán ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. POP le, kò lè bá abẹ gbọ̀n, abẹ á gé e. Awọ ara rọ̀, ó ń bá abẹ lọ, ó ń bá a bọ̀, kì í sì í sábà gé. Irú ayùn POP bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Fein ní Jámánì ṣe ní 1967, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di irinṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má wá torí ìyẹn fọwọ́ kan abẹ tí wọ́n fi ń gé igi o. Eyín tiẹ̀ gùn, ó sì mú, á fa awọ ya.

Fein ló fi ọjọ́ pípẹ́ ni ọjà yìí, ẹ̀rọ náà sì wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, pé kí ẹlòmíràn má ṣe é, tán ni àwọn yòókù rọ́ wọlé, tí owó rẹ̀ wá wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ irú èmi àti ẹ̀yin. Ibẹ̀ náà ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí oníkálukú gbé ẹnu tirẹ̀ dé.

Ẹnu tí mò ń wí ni ibi tí ẹ̀rọ fi ń di abẹ mú. Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra ẹ̀rọ, abẹ lẹ ó máa rà títí. Abẹ tó dáa, pàápàá èyí tó lè gé irin, kì í ṣe ọjà yẹpẹrẹ. Ẹ ra bíi mélòó kan, ẹ ó rí i pé owó ẹ̀rọ mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò sí abẹ tó bá ẹnu rẹ̀ mu àfi ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà.

Oríṣi ẹnu tó wọ́pọ̀ jù tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní ọmọ irin kéékèèké tó ń wọ inú ihò ara abẹ, bóòtù tàbí ìdè kan á wá fún un pa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe abẹ tó bá a mu, ihò ara irú abẹ bẹ́ẹ̀ sì máa ń pọ̀ kó lè wọ ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Oríṣi kejì ni Starlock, tí Bosch àti Fein jọ gbé jáde ní 2016. Àárín abẹ tiẹ̀ jìn bí àwo kékeré, ó ní igun bí ìràwọ̀, ó sì máa ń jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ gírígírí, kò sí pé ó ń yẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní: Starlock, StarlockPlus àti StarlockMax. Abẹ ìpele kékeré wọ ẹ̀rọ ìpele ńlá, ṣùgbọ́n abẹ Max kò wọ ẹ̀rọ kékeré rárá. Abẹ pẹrẹsẹ tí mo kọ́kọ́ sọ náà ò sì wọ ẹ̀rọ Starlock. Mo ti rí ẹni tó ra páálí abẹ kan gbáko kó tó mọ ìyẹn.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ilé lásán ò nílò Starlock. Ẹnu pẹrẹsẹ ti tó, tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ṣí. Tèmi àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà ni mo fi ń tú bóòtù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń sọnù. Tí kò bá sọnù, bóòtù á dẹ̀ láàárín iṣẹ́, abẹ á yí síbì kan, ojú ibi tí mo ń gé á wọ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ abẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan ló mọ ohun tí ìdè àfọwọ́ṣí ń jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti abẹ. Èyí tí wọ́n ń kó pọ̀ sínú páálí ẹ̀rọ, tí wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ẹyọ mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, pépà tí wọ́n fi ń ha igi kó lè dán (sandpaper) ló pọ̀ jù níbẹ̀. Abẹ irin lásán fún igi nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, òun náà ni ìṣó jẹ tán lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ń gé igi àtijọ́, ẹ gbà pé ìṣó wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé kò sí, abẹ bí-mẹ́tàlì, èyí tí wọ́n fi irin oríṣi méjì ṣe, ni kẹ́ ẹ sì lò. Súkúrù líle àti irin tí kì í dípẹtà ń fẹ́ abẹ káábáìdì, èròjà tó le ju irin lásán lọ. Símẹ́ńtì àárín táìlì, abẹ tó ní káábáìdì tàbí dáyámọ́ńdì lẹ́tí, tí kò ní eyín rárá, ló lè hó o. Mo máa ń ra méjì tó dáa dípò ogún tí kò dáa.

Bẹ́ẹ̀, abẹ tó dáa náà á bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi agbára tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, abẹ ò ráyè gbọ̀n mọ́. Ooru ló kù tó ń mú jáde. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ rọra máa gbé e sọ́tùn-ún, ẹ gbé e sósì lójú ibi tẹ́ ẹ ń gé, kí lẹ́búlẹ́bú lè ráyè jáde. Tó bá jẹ́ irin, ẹ dín eré rẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí n kò fi ní ra ẹ̀rọ tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí eré padà.

Ti ìgbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ ńkọ́? Kíkà nípa rẹ̀ lásán kò tó, àfi kẹ́ ẹ dì í mú. Ẹ tan án láìgé nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ lò ó dé eré tó ga jù. Tí ìka yín bá ti ń kú tipiri, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ tí ìrìn abẹ rẹ̀ fẹ̀, bíi dígírì 5, máa ń yára gé ju ti 3 lọ, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ṣe é ò bá wá nǹkan ṣe sí ìgbọ̀n rẹ̀, apá yín ni yóò san án.

Bóyá oníwáyà tàbí oníbátìrì, mi ò ní bá yín jiyàn púpọ̀. Tí ẹ bá ti ní dírílì oníbátìrì, ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì kan náà, kẹ́ ẹ sì rà á láìsí bátìrì. Tí ẹ ò bá ní nǹkan kan, oníwáyà tó bá ti tó 300 wáàtì á ṣe iṣẹ́ ilé láìsí wàhálà. Tó bá wá jẹ́ pákó gígùn lẹ fẹ́ là, ẹ̀rọ yìí kọ́ lẹ ń wá, á pẹ́ yín, á sì wọ́.

Kẹ́ ẹ tó ki abẹ bọ ògiri, ẹ mọ ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà kọjá. Ẹ fi nǹkan bo ojú àti imú, pàápàá tí ẹ bá ń hó àárín táìlì. Lẹ́búlẹ́bú símẹ́ńtì yẹn ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Abẹ pẹlẹbẹ tí mo fi ń ha sílíkóònù gbígbẹ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti tún sọnù, mi ò sì wá a.