Ìmúrasílẹ̀ De Ọyẹ́ Kì í Ṣe Àìnígbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ilé Wa

Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìfọkànsìn fún ìjọ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ oṣù Kejìlá ni a máa ń kọ nígbà tí òjò oṣù Kẹfà bá ń rọ̀ lórí páànù, nítorí pé ìwé gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé kó tó lè tẹ àwọn ìjọ tó wà ní ìgbèríko lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní Òṣogbo láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti wà ní kékeré. Kí n má bàa máa fi ọgbọ́n orí lásán kọ̀wé nípa ọyẹ́ láàárín òjò, mo sọ ọ́ di àṣà láti máa kọ ohun tí ojú mi bá rí sínú ìwé kan: ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọjọ́ tí agbálùmọ̀ kọ́kọ́ dé Ọjà Ọba, ọ̀sẹ̀ tí ètè àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, ibi tí a kà nínú Bíbélì ní òwúrọ̀, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú ilé. Ìwé yìí ló wá wúlò jù lọ fún ìtọ́jú ọmọ mi kejì.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn elétò ìlera ń pè ní sickle cell, ni a bí ọmọbìnrin náà mọ́. Jẹ́nótáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ló ń fa èyí: AS ni èmi, AS ni baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ní Nàìjíríà ṣe jẹ́ AS láìjẹ́ pé ohunkóhun ń ṣe wọ́n. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ti ṣeé ṣe, ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ọmọ jẹ́ SS, èyí tó túmọ̀ sí pé àìsàn náà wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa ni pé ẹ̀jẹ̀ pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rí roboto nígbà gbogbo. Bí omi bá dín lára rẹ̀, bí òtútù bá mú un, bí ibà bá kọ lù ú, ẹ̀jẹ̀ náà á tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, á sì há sínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ìrora á wá bẹ̀rẹ̀ nínú eegun. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ igbe ọmọ tí eegun ń ro lóru kò nílò kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà kan tí dókítà bi wá léèrè àsìkò tí ìrora náà máa ń dé, baba rẹ̀ dáhùn pé kò ní àsìkò, pé ó máa ń dé bó ṣe wù ú. Mo mú ìwé mi jáde nínú báàgì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i létí. Kí n tó kà dé ìdajì, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wa. Ìrora náà máa ń pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, ó máa ń dé lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lé ooru, ó sì máa ń dé ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ yọ, tí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì máa ń pa àwọn àlejò tó bá wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní ìlú wa. Dókítà náà rọ̀ mí pé kí n má ṣe jáwọ́ nínú àkọsílẹ̀ yẹn láéláé.

Láti ìgbà náà ni a ti ń múra de ìgbà kí ìgbà tó dé. Èyí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Arábìnrin kan nínú ìjọ, ẹni tó fẹ́ràn wa dénú tí ó sì ti bá wa gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, rí i nínú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó sì fi ìfẹ́ sọ fún mi pé bí a bá ti gbàdúrà tán, kí a bọ́ súwẹ́tà náà sílẹ̀, kí ọ̀tá má bàa rò pé à ń bẹ̀rù òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n wá inú Ìwé Mímọ́ fúnra mi.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ fún mi ní ìgboyà. Ọlọ́run fi ìyàn ọdún méje han Fáráò lójú àlá, Jósẹ́fù sì túmọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó fi tẹ̀ lé ìtumọ̀ náà ni pé kí wọ́n máa kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè ilẹ̀ náà pamọ́ ní gbogbo ọdún méje ọ̀pọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé Jósẹ́fù kò nígbàgbọ́ nítorí pé ó kó ọkà sínú àká. Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Èyí ni Àpọ́sítélì tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú láti ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn, tí ara wọn sì ń dá. Síbẹ̀, nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó kọ̀wé sí Tímótì pé kí ó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kárípù wá, pẹ̀lú àwọn ìwé, pàápàá àwọn ìwé awọ, ó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dé kí ìgbà òtútù tó wọlé. Aṣọ òtútù àti ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà! Èmi tí mo jẹ́ òǹkọ̀wé, tí mo sì jẹ́ ìyá ọmọ tí òtútù kò gbọdọ̀ mú, kò mọ ẹsẹ Bíbélì mìíràn tó bá ilé mi mu tó báyìí.

Ọyẹ́ ló ń gba ìmúrasílẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aginjù Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá. Òtútù rẹ̀ ń mú ní òwúrọ̀, oòrùn rẹ̀ sì ń jó ní ọ̀sán, ó ń gba omi lára ènìyàn láìjẹ́ pé ènìyàn rí òógùn kankan lára. Nítorí náà, kí oṣù Kọkànlá tó parí ni mo ti máa ń lọ sí Ọjà Ọba lọ ra òrí, tí mo sì máa ń wá súwẹ́tà lára òkìríkà. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ́ Mùsùlùmí tó máa ń jí kírun kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ló máa ń bu omi gbígbóná láti inú fúláàsì, tí wọ́n á pò ó mọ́ tútù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n á gbé e fún ọmọ náà lórí ẹní kí ó tó dìde rárá. Wọ́n á fi òrí pa á lórúnkún àti ní ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún un bí wọ́n ti ń ṣe é. Bí oòrùn bá ràn, a ó bọ́ súwẹ́tà, nítorí pé ooru tó pọ̀ jù náà ń gbẹ omi ara.

Àdúrà òwúrọ̀ wa náà kò dúró sí ojú kan. Aago márùn-ún ni ilé wa máa ń jí gbàdúrà láti oṣù Kẹta títí di ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, baba wọn á kéde pé alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ni a ó máa pàdé, nínú pálọ̀ tí a ti ti fèrèsé rẹ̀, kí kúbùsù wà lára ẹni tó bá fẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí fọkàn sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni àdúrà ẹbí wọn ń kú nínú ọyẹ́: wọ́n fi dandan lé wákàtí kan, ọmọ kò lè jí, inú bí bàbá, àdúrà wá di ìjà. Ẹ yí wákàtí náà padà kí òtútù tó dé, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má bàa rò pé a ti rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ilé tiwa, àdúrà alẹ́ inú ọyẹ́ ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí ìkánjú ilé-ìwé, ìbéèrè wọn sì máa ń pọ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti bi mí léèrè bóyá Ọlọ́run ló fún òun ní àìsàn yìí. Mo sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún un: pé èmi àti baba rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá, pé a kò mọ̀ nígbà tí à ń fẹ́ ara wa, àti pé Ọlọ́run tó mọ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Àwẹ̀ Lẹ́ńtì tún wá ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé inú ooru ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí kànga ń gbẹ tí gbogbo ara sì ń béèrè omi. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà díẹ̀, ó fẹ́ gbààwẹ̀ bí àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń sunkún pé a ń yọ òun sọ́tọ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀, wọ́n ní nínú ẹ̀sìn tiwọn pàápàá, aláìsàn kò sí lábẹ́ dandan ààwẹ̀ Ramadan. Lẹ́yìn náà ni a jọ ka ìtàn Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n yàn láti máa jẹ ẹ̀wà kí wọ́n sì máa mu omi. Ó pinnu láti fi ẹran, ohun dídùn àti fóònù sílẹ̀ títí di Ọdún Àjíǹde, kí ó sì máa mu omi rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó pa á mọ́ ju èmi gan-an lọ. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ní àìsàn yìí gbààwẹ̀ láìmu omi, bó ti wù kí ìtara rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìgbà òjò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀fọn ni olórí ọ̀tá, nítorí pé ibà lè sọ ìrora di ohun tó ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ikú. Oògùn tó ń dènà ibà, pẹ̀lú folic acid tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀, wà lójú kan náà pẹ̀lú Bíbélì, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé wọn, àwọ̀n ẹ̀fọn sì wà lórí ibùsùn lọ́dọọdún. Aṣọ gbígbẹ kan máa ń wà nínú ọ̀rá nínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni à ń kọ́kọ́ lọ, ojú ọ̀nà ni a ó ti máa gbàdúrà.

Gbogbo èyí ti yí ọ̀nà tí mo gbà ń kọ ìwé padà. Mo gbàgbọ́ nínú ìwòsàn, mo sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ ẹ̀kọ́ oṣù Kejìlá, mo máa ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi sí oṣù Kejìlá tó kọjá, mo sì máa ń bi ara mi léèrè bóyá ìyá tó fi gbogbo òru jókòó ti ọmọ rẹ̀ lè ka ohun tí mo kọ ní òwúrọ̀ kí ó má sì rò pé à ń dá òun lẹ́bi. Bí kò bá lè kà á, mo máa ń tún un kọ.

Ọmọ náà ti jáde ní yunifásítì. Nígbà tí ó fẹ́ lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Jos ni wọ́n pín in sí, ìlú tó ga ju 1,000 mítà lọ sí ojú òkun, tí òtútù rẹ̀ kò sì ṣeé fi wé ti Òṣogbo. A gbàdúrà, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó fi ìwé ẹ̀rí dókítà tì í, nítorí pé òfin fàyè gba agùnbánirọ̀ tí ìlera rẹ̀ kò bá gbé ibì kan láti béèrè pé kí a gbé òun lọ sí ibòmíràn. Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó sì sọ fún mi pé gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó bá ń dẹnu ìfẹ́ kọ òun ni òun máa ń bi léèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ni mo fẹ́ bẹ̀ kẹ́yìn. Ní ìjọ wa, inú odò ni à ń ṣe ìrìbọmi, oṣù Kejìlá ni a sì máa ń ṣe é. Nígbà tí ó kan ọmọ mi, mo lọ bá pásítọ̀ wa, mo ṣàlàyé, wọ́n sì sún tirẹ̀ sí ọ̀sán oṣù Kẹta, nígbà tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn òbí mìíràn tí wọn kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ dára pọ̀ mọ́ wa lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó kéde ọjọ́ ìrìbọmi, kí ẹ tó sọ pé ìta gbangba ni àìsùn ọdún tuntun yóò ti wáyé, ẹ bi àwọn ìdílé léèrè ní kọ̀rọ̀ ẹni tí òtútù kò gbọdọ̀ mú, kí ẹ ya yàrá kan tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹ sì gbé omi mímu síbẹ̀.