Ẹyọ kan péré ni ó dá mi padà sídìí sìgá

Ní ìsọ̀ Máláàmù tí ó wà ní ìkángun àdúgbò wa ní Ṣómólú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó, láítà kan sì wà ní ìdí okùn náà. Ẹni tí ó bá ra ẹyọ sìgá kan yóò fa láítà náà sẹ́nu, yóò tan sìgá rẹ̀, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó máa fì níbẹ̀ de ẹlòmíràn. Ọdún 17 ni mo fi fa okùn yẹn. N kò ní láítà tèmi, n kì í sì í ra odidi páálí, nítorí pé ẹni tí ó ń ra odidi páálí ni mo kà sí amusìgá. Èmi a máa sọ fún ara mi pé ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ fi mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìgbà mẹ́ta ni mo gbìyànjú láti jáwọ́ kí ó tó ṣeé ṣe, ẹyọ kan náà ni ó sì gbé mi ṣubú ní ìgbà méjì àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí sìgá nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù tí a fi ń fọ ẹ̀rọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ń mu sìgá ni ó ní àyè láti jáde síta ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kì í mu ún kò ní àwáwí kankan tí yóò fi jáde. Ìsinmi ni mo ń wá, sìgá sì ni owó ibodè tí mo san. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mímọ̀ ọ́n wúlò fún mi gan-an nígbà tí mo fẹ́ jáwọ́, nítorí pé n kò gbọdọ̀ fi ìsinmi náà sílẹ̀ pẹ̀lú sìgá. Mo ṣì máa ń jáde síta títí di òní. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó jáwọ́, ẹ wádìí ohun tí sìgá ń ṣe fún yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè wá ohun mìíràn sí ipò rẹ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kà á. Ìyàwó mi bi mí léèrè iye tí mò ń mu lójúmọ́, mo ní mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ó ní kí n máa fi bírò fa ìlà kan sára bébà fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi bébà náà sí àpò. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìlà 12 ni a bá níbẹ̀. ₦20 ni ẹyọ kan nígbà náà, ìyẹn ₦240 lójúmọ́ àti ₦87,600 lọ́dún. Títa ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí ènìyàn rí iye tí ó ń mu. Òfin ìdènà tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 kò fàyè gba títà á bẹ́ẹ̀, páálí tí ó ní ẹyọ 20 ni òfin náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkángun àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jáwọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn ín. N kò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Nikotíìnì kì í pẹ́ rárá kí ó tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró dé ọpọlọ, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ọpọlọ tí ó bá sì ti mọ́ lára yóò máa béèrè rẹ̀ ní gbogbo wákàtí díẹ̀. Mi ò lè sùn, ojú mi pọ́n, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ láìnídìí. Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà kan wá bá mi jà lórí ìwé ètò ìgbéyàwó tí a tẹ orúkọ ìyá ìyàwó ní àtẹ̀ṣì sí, bí ó ti lọ tán ni mo kọrí sí ìdí okùn.

Ìgbà kejì, mo lo oṣù 11. A lọ sí ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú bíà lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mìíràn na ẹyọ kan sí mi, ó ní, “Bọ̀dá, ẹyọ kan ò lè pa yín, ẹ ti borí ẹ̀.” Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé ó ń wù mí láti mu ún, ó dá mi lójú ni pé mo ti kọjá ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, mo mu méjì. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti padà sí 12. Dókítà kan wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí ènìyàn bá pé ọdún kan láìmu sìgá, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ti fi kún tirẹ̀ yóò ti dín sí bí ìdajì. Oṣù kan ni ó kù fún mi.

Ìgbà kẹta ni mo tó fi ọgbọ́n sí i, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà báyìí.

Mo kọ́kọ́ tọ Máláàmù lọ, mo ní kí ó má tà á fún mi mọ́, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ní ọjọ́ kejì, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ síbẹ̀, mo na owó sí i. Ó wo owó náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má tà á fún yín.” Ó gba owó náà, ó sì kó tòmtòm lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ ń ra sìgá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì ju kí ẹ sọ fún ẹbí yín lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo kọ́ láti fi rìmù wọn ìgbà. Bí a bá fi ẹ̀rọ Kord wa sáré 5,000 ní wákàtí kan, rìmù kan, ìyẹn bébà 500, yóò jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ọkàn mi bá ti ń fà sí sìgá, n kò ní bá a jiyàn, n ó kàn lọ dúró ti ẹ̀rọ, n ó sì sọ pé kí rìmù yìí kọ́kọ́ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ náà a dé bí ìgbà tí omi ń ru sókè, tí ó dà bí ẹni pé kò ní lọ láéláé, ṣùgbọ́n nígbà tí bébà bá fi máa ku díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, á ti rọlẹ̀. N kò rí ọjọ́ kan tí ó ju rìmù méjì lọ. Ẹ wá ohun tí ó ń gba irú àkókò bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tiyín.

Ẹnu àti ọwọ́ náà ní ohun tí wọ́n ń béèrè. Nínú ọkọ̀ tí mo fi ń kó ẹrù lọ sí Ìdúmọ̀tà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ni ibi tí mo ti ń mu sìgá jù, nítorí náà mo kó orín ata síbi tí sìgá máa ń wà. Bí mo bá jẹun tán, mo dìde lójú ẹsẹ̀ láti fọ ẹnu. Mo sá fún bíà àti párága fún oṣù méjì gbáko. Àwọn kan ní kí n máa fi áásáà rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ní ṣíṣà. Tábà ni méjèèjì, nikotíìnì kan náà ni, èéfín tí ènìyàn sì ń fà nídìí ṣíṣà ní ìjókòó kan pọ̀ ju ti ẹyọ sìgá kan lọ fíìfíì.

Apòògùn kan ní Yábàá fún mi ní ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, oògùn gidi sì ni: láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi irú rẹ̀ sínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní. A kì í jẹ ẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Ẹ ó rún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ta yín lẹ́nu bí ata, kí ẹ tó gbé e sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì kí ó jókòó. Èmi tí mo ń rún un wàràwàrà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òsúkè kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ikọ́ mi le sí i, ẹ̀rù sì bà mí. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, kò sí i. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ń gbá ọ̀nà èémí mọ́, tí èéfín kò ti jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ni wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ wọn. Ó tó oṣù kan kí ó tó dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe tìtorí ikọ́ yẹn padà, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Bí ẹ bá sì ti mu ẹyọ kan lẹ́yìn tí ẹ jáwọ́, ẹ má sọ pé ó di ọjọ́ Ajé. Àṣìṣe mi lẹ́yìn ìsìnkú yẹn nìyẹn: mo ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti bàjẹ́, kí n kúkú mu títí oṣù yóò fi parí. Ẹyọ tí ẹ mu ti lọ, ẹ kọ èyí tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ ìjáwọ́ tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Òun náà ti lọ bá Máláàmù sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rí i tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà, tí ó ń fi ọwọ́ ra àpò rẹ̀. Mo pè é, mo sì ní kí ó wá gbé rìmù kan lé ẹ̀rọ.