Yèyé ní Iléṣà, Àǹtí ní Leeds

Ẹni tó bá ti bá aláìsàn jẹjẹrẹ ká ilé ìwòsàn rí nílé mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ ẹbí. Wesley Guild ní Iléṣà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kókó tó wà nínú ọyàn Yèyé mi, wọ́n sì kọ̀wé fún wa lọ sí Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n ń fà sí aláìsàn jẹjẹrẹ lára, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tá a ó ti kọjá Òṣù, Yèyé á máa fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú tí mọ́tò bá ti já sí kòtò, torí ojú iṣẹ́ abẹ. Tá a bá débẹ̀, ẹnì kan á tò síbi káàdì, ẹnì kan á sáré gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, torí bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó, kò sí kímò lọ́jọ́ náà. Ẹnì kẹta ń bẹ níwájú ilé oògùn tòun towó: oògùn, dírípù, abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́, àpò ara wa ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí gbogbo wa wà nínú ètò. Yèyé tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ò sí nínú ètò kankan. Owó àjọ rẹ̀ la kọ́kọ́ ná, ká tó kan tèmi.

Nígbà tí irú àìsàn kan náà mú àǹtí ọkọ mi ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo múra ìjà dé ilé ìwòsàn. Òfin ti gba ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn láyè láti April 2024 pé kó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, àmọ́ kò sówó nínú rẹ̀ o. Mo kó owó, fìlásíìkì àti aṣọ ìbora dání, mo ń retí ẹni tó máa rán mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gbé gbogbo nǹkan wá, mo wá jókòó, mo ń wo dírípù. Mi ò ní tàn yín, tí wọ́n bá ní kí n yan ibi ìtọ́jú, Leeds ni màá mú. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹni tó ń wá owó.

Oògùn pupa kan wà tó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ìwé ni wọ́n fi sọ ọ́ fún Àǹtí, ó sì kà á tán kó tó lọ tọ̀. Nọ́ọ̀sì Ifẹ̀ ní tiẹ̀ di Yèyé lọ́wọ́ mú: “Màmá, tẹ́ ẹ bá tọ̀ tó pọ́n, ẹ má fòyà o, oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.” Èyí wù mí ju ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ ibà ló bà mí lẹ́rù jù. Kímò máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù, ó sì sábà máa ń burú jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á. Nọ́ńbà kan wà lára káàdì tí wọ́n fún Àǹtí: tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, kó pè, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Ó pè, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, wọ́n ti fi oògùn sí i lára. Ní Iléṣà, ta ló ka ara gbígbóná sí? Kẹ́míìsì á po oògùn ibà, ẹlòmíì á gbé àgbo dé. Mo fi tẹ̀mómítà ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: “38, Ifẹ̀ yá!”

Àsìkò yẹn gan-an sì ni àlejò ń ya dé: ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ará ọjà, ìbátan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tòun ti ọmọ tó ń ṣe kata. Ẹ ò lè lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fọ aṣọ tí Yèyé bá bì sí, òmíràn ń bá a ṣọ́ ìsọ̀, kọ́bọ̀ ò sì dín nínú owó èlùbọ́. Àbúrò mi gbé bẹ́ǹṣì síta, ó gbé omi àti ọṣẹ tì í, Yèyé á jókòó lójú fèrèsé. Inú bí àwọn kan: “Ṣé àwa la kó àìsàn ràn án ni?”

Ìwé ti Leeds náà ní kí Àǹtí yẹra fún èrò. Èrò wo? Aládùúgbò ju káàdì sílé, ó kọ ọ̀rọ̀ rere síbẹ̀, ó lọ. Tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di òun nìkan títí di alẹ́. Mo wá fa òun àti Yèyé pọ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n á ṣí gèlè, wọ́n á máa fi orí pípá wéra, Yèyé á ní iyán ń ṣe bí irin lẹ́nu òun. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ò fẹ́ iyán! Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí oògùn yẹn ṣe le tó.

Wọ́n ti parí kímò báyìí. Irú tiwọn ni èyí tí họ́mọ̀nù ń bọ́, nítorí náà tamoxifen, oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù yẹn lọ́wọ́, ló kù, hóró kan lójúmọ́, fún ọdún márùn-ún. Àǹtí ń gba tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí láti 2009 ni aláìsàn jẹjẹrẹ kì í ti í sanwó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Yèyé, èmi ni mò ń fowó rẹ̀ ránṣẹ́. Àbúrò mi á ya fọ́tò páálí rẹ̀, á jẹ́ kí n rí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí Yèyé tó já ẹyọ kan lára rẹ̀.