“Ṣé Ó Ti Tó, Fúnmiláyọ̀?”: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìrẹsì

Èmi ni mo máa ń pín oúnjẹ ní ìjọ wa ní Èbúté Mẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí ẹ̀ka aláàánú, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa tó padà lọ́wọ́ òfìfo. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò tíì pé oṣù méjì. Ojú ṣì ń tì mí. Bí mo bá wà nínú dáńfó tí ọkàn mi bá lọ síbẹ̀, mo máa ń ṣàdédé pariwo “háà”, ẹni tó jókòó tì mí á wá máa wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka aláàánú bíi tèmi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó oúnjẹ lọ sí abẹ́ afárá lọ́jọ́ ìbí yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, àwọn tó máa ń bá wa dá owó ìrẹsì tẹ́lẹ̀ ló wá ń to ìlà láti gbà á. Àpò ìrẹsì tí à ń rà ní nǹkan bí ₦35,000 ń lọ sí ₦80,000 kó tó pé ọdún kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ogójì èèyàn ló ń wá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti lé ní igba, a sì ń bẹ àwọn kan pé kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Èrò yẹn ló jẹ́ ká gbé òfin kalẹ̀, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ẹ rántí Yábàá níbí, oṣù Kejì 2024, níbi tí wọ́n ti ń ta àpò ìrẹsì oníkílò 25 ní ₦10,000. Èrò ya, wọ́n tẹ èèyàn pa. Ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọmọdé 35 ló kú nínú èrò ní Ìbàdàn nìkan, kí á tó ka ti Okija àti Àbújá mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí n má to èèyàn sórí ìlà, kó wá bá mi dúró ní géètì ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Ìlà dáa. Nọ́ńbà dáa. Ìwé orúkọ dáa. Ibi fọ́tò ni mo ti ṣìnà.

Ọmọ ìjọ wa kan tó wà lókè òkun ló ń fi owó tó jọjú ránṣẹ́, ó sì ní òun fẹ́ máa rí àwọn tí owó òun ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò ní kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Èmi ni mo ní kí oníkálukú gbé ọ̀rá ìrẹsì rẹ̀ sáyà, kó dúró síwájú bánà ìjọ, kó ṣí ojú, kó wo kámẹ́rà. Ẹni tí kò bá ya fọ́tò, kò gba ìrẹsì. Ẹnu mi ni òfin yẹn ti jáde, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ara ògiri.

Sátidé ọjọ́ náà, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Orí tábìlì ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé orúkọ, kóńgò méjì méjì ni a di sínú ọ̀rá. Nígbà tó kan nọ́ńbà 63, ìyá arúgbó kan bọ́ síwájú. Ìró àti bùbá àdìrẹ tó ti ṣá ló wọ̀, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ìborùn bo ẹnu àti imú títí dé abẹ́ ojú. Awò ojú rẹ̀, òwú dúdú ni wọ́n fi so apá ọ̀tún rẹ̀. Mo ti ìwé síwájú rẹ̀, mo ti fẹ́ fi yíǹkì ìtẹ̀ka lé e, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí bírò. Ó pẹ́ lórí ìwé náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní, “Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá.” Ó parí, ó fi ìdérí bírò dé e, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ síwájú bánà.

Ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní kó ṣí ojú. Ó mi orí. Ó sọ nǹkan kan nípa ikọ́, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ọmọ náà yíjú sí mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò dìde. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti pariwo: “Mọ̀mọ́! Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣé ìtìjú ṣì ráyè wọlé ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kí n má purọ́, ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi. Mo rò pé mo ti fi òwe tú ìlú ká. Ìyá náà fa ìborùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó pajú dé nínú àkọ́kọ́, ọmọ náà sì ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú èkejì.

Ìgbà yẹn ni mo tẹ ojú balẹ̀ láti fa ìlà sí orúkọ rẹ̀. Lókè rẹ̀, ìtẹ̀ka mẹ́ta, “mama ibeji”, “Risi”, “Baba Sule”. Lẹ́yìn náà, lórí ìlà tirẹ̀, bí ẹni fi rúlà fà á: *Àjọkẹ́*. Àmì wà lórí À. Àmì wà lábẹ́ ọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́, àmì wà níbẹ̀.

Ta ló ń fi àmì ohùn sórí orúkọ nínú ìwé ìrẹsì? Nínú gbogbo ayé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Á kọ ọ́ sójú pátákó: ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀. Á ní, “Bí o ò bá fi àmì sí i, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ọwọ́ lo fẹ́ nà sí mi, tàbí ìgbálẹ̀, tàbí o fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi?” Òun ló sọ fún wa pé ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Àjàyí Crowther, ló ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì tí à ń kà, pé ní 1884 ni odindi rẹ̀ jáde. Bí ó bá ti dé Mátíù orí 25, á dá wa dúró. Á ní ẹni tó kọ “ebi pa mí” sílẹ̀ fún wa lédè wa ti rin ọ̀nà ẹrú ní ọmọdé, nítorí náà ká má kà á bí ẹni ń ka orúkọ ọjà. A há a sórí. Mo ṣì lè kà á láì wo ìwé.

Orúkọ tó kọ sílẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń pè é. Oríkì rẹ̀ ló kọ, kí n má baà mọ̀ ọ́n. Nítorí èmi ló ṣe fi ìborùn bojú.

Nígbà tí mo gbójú sókè, èmi ló ń wò.

“Ṣé ó ti tó, Fúnmiláyọ̀?”

Kò bínú. Bí ó ṣe máa ń bi wá bóyá a ti da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ tán kí ó tó nù ún, ohùn yẹn náà ni. Ó gbé ọ̀rá ìrẹsì kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó rọra gbé e kí ó má baà tú, ó sì jáde sínú òjò.

Èmi ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo wo ìwé, mo sì pe nọ́ńbà 64.

Mo ti bi ara mi ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ìdí tí mo fi pe 64. Mi ò tíì rí èsì tí mo lè sọ fún ẹlòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí Mátíù 25, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Mo ti máa ń rò pé àwọn ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n dá Jésù mọ̀ nínú tálákà, tí àwọn ọwọ́ òsì ò dá a mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá méjèèjì ló bèèrè pé, “Olúwa, nígbà wo ni a rí ọ?” Àwọn olódodo náà ò dá a mọ̀! Bí wọ́n ṣe ṣe sí ẹni tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́.

Èyí ló sì wá ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní mo ti mọ̀ pé Tíṣà mi ni, mà á fò dìde, mà á fún un ní àga, mà á rán ọmọ pé kó gbé ìrẹsì tẹ̀ lé e délé. Ìyẹn ì bá jẹ́ nítorí Tíṣà. Nọ́ńbà 62 ńkọ́? Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ya fọ́tò tirẹ̀ láì janpata. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ìtẹ̀ka ló wà níbẹ̀. Mò ń lọ ìṣọ́ òru ní oṣooṣù, mo ń bẹ Olúwa pé kó fi ojú rẹ̀ hàn mí, òun sì ń to ìlà ní ọgbà wa láràárọ̀ Sátidé kan lóṣù, mo ń ní kó wo kámẹ́rà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: ẹ má ya ẹni tí ebi ń pa ní fọ́tò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní a gbọ́dọ̀ jíyìn owó. Mo gbà. A ń ya àpò ìrẹsì ní fọ́tò báyìí, títì ni wọ́n wà, a kà wọ́n, a fi rìsíìtì ọjà mọ́ ọn. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé á dáwọ́ dúró. Ó kàn dá mi lóhùn pé, “Kò burú, Mọ̀mọ́.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi ojú èèyàn san owó tí kò ní kí n san.

Ẹ̀kọ́ kejì, tó fẹ́ jọ àkọ́kọ́: ẹ má fi òwe bú ẹni tó wá tọrọ. Òwe yẹn, mo ti ronú sí i. Bóyá lóòótọ́ ni ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọnú, ṣùgbọ́n ìtìjú ti wọlé kí ebi tó dé, kò sì jáde. Àwọn tó ń jó síwájú kámẹ́rà, tó ń gbàdúrà fún wa ní ohùn òkè, mi ò rò pé ojú ò tì wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ rí ni.

Àti pé kí ẹ dìde. Bí ẹ bá ń fún èèyàn ní nǹkan, ẹ dìde dúró. Ẹnì kan ní ìjọ sọ fún mi pé mò ń sọ ọ́ di ńlá, pé ṣebí wọ́n jẹ ìrẹsì. Wọ́n jẹ ẹ́. Tíṣà ò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí ilé rẹ̀, lẹ́yìn ọjà Òyìngbò, alákàrà àdúgbò ló fi hàn mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ìgbà kẹta tí mo lọ ló tó ní kí n wọlé. Owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, oògùn ìfúnpá àti owó ilé ni ó ń bá a jẹ. Ó ti gba ìrẹsì báyìí, ọmọ mi ló ń gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú nǹkan ọbẹ̀. A ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó gba ìwé orúkọ tuntun lọ́wọ́ mi, ó wo ojú ìwé àkọ́kọ́ níbi tí mo kọ “Eka Alaanu” sí, ó sì fi bírò pupa tẹ́ àmì sí gbogbo rẹ̀ láì sọ̀rọ̀.

Kí n tó dìde, ó bèèrè pé, “Fọ́tò yẹn ńkọ́?” Mo ní a ti pa á rẹ́. Òtítọ́ ni ní apá kan. A ti yọ ọ́ kúrò lójú ìwé ìjọ lórí Facebook, mo sì pa èyí tó wà lórí fóònù ọmọ tó yà á rẹ́ fúnra mi. Ṣùgbọ́n kí n tó délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ti fi sínú gúrúùpù WhatsApp mẹ́ta, mo sì rí i lórí sítétọ́ọ̀sì ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, ó kọ “Ọlọ́run á bùkún ìjọ yìí” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bánà aláwọ̀ búlúù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdìrẹ tó ti ṣá, awò ojú tí wọ́n fi òwú dúdú so lápá ọ̀tún, ìborùn tó ti bọ́ sí ọrùn. Kò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wà lórí fóònù yín, ẹ bá mi pa á rẹ́.