Ọwọ́ ère: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí igi gbígbẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di àáké mú mọ́. Ẹ ti mọ ọnà lílé, ìyẹn gígé igi sí ìrísí rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ àlétúnlé tó ń tún un ṣe, ẹ mọ dídán. Ní ti fínfín, ẹlòmíì nínú yín ti jù mí lọ. Ohun tí mo rí pé ẹ ò tíì kà sí ni ọwọ́ ère. Orí ojú lẹ máa ń lo gbogbo agbára yín sí, ẹ ó wá fi ọwọ́ kọ́ ọ lára bí ẹni fi ẹ̀wù kọ́ ìṣó.

Èkíní, ẹ mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú yín da àwòrán Jésù kọ láti orí fóònù, ó dojú pépà bolẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí pákó. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, ọwọ́ òsì ni Jésù fi ń súre. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sìbọ́sí ìbùkún. Nínú àwòrán ìjọ àwọn Gíríìkì àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló ń súre, bí wọ́n sì ṣe ká àwọn ìka yẹn, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí orúkọ Jésù Kristi ni wọ́n ń kọ. Ẹ tún lọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 48, níbi tí Jákọ́bù ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ dábùú ara wọn kí ọ̀tún lè bọ́ sórí Éfúráímù tó jẹ́ àbúrò. Ẹni tó bá gbẹ́ ọwọ́ yẹn ní títọ́ ti ba ìtàn náà jẹ́, ojú Jákọ́bù ì báà dára bí kí ni.

Èkejì, ẹ má gbẹ́ ohun tí ẹ ò bèèrè ìdí rẹ̀. Mo rí ère kékeré kan lórí tábìlì wa tó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ti òsì gun ti ọ̀tún, àtàǹpàkò méjèèjì wọnú. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní ẹni tó ń gbàdúrà ni. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́! Àmì Ògbóni nìyẹn, ara edan idẹ ló ti rí i. Òsì tí a ò gbọdọ̀ nà sí àgbà níta, òun ló wà lókè níbẹ̀, nítorí ilé tó ń gbé yàtọ̀. Ní Íńdíà náà, ère Búdà kan wà tó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé ó kàn na ọwọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ owó, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ láìsọ ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ìjọ kan gbé ilẹ̀kùn fún mi, ìrókò, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, àwọn obìnrin inú Bíbélì. Hánà ni ọkàn mi fà sí jù. Bíbélì ní ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ ò jáde, tí Élì fi rò pé ọtí ló mu. Báwo lèèyàn ṣe máa gbẹ́ àdúrà tí kò ní ohùn? Ẹnu igi ò lè sọ ọ́. Mo gbé e fún ọwọ́. Mo gbẹ́ ẹ ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ, mo sì jẹ́ kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọyàn rẹ̀ lórí ìró, bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ẹ sára osé Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni ọwọ́ yẹn, ọ̀wọ̀ ni, ẹ̀tọ́ ìyá sì ni. Obìnrin tó ń tọrọ ọmọ, ọwọ́ wo ló tún yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Láti ìgbà ọnà lílé ni mo ti fi igi sílẹ̀ fún apá rẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ̀yìn ọrùn-ọwọ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì fín èékánná ìka tó wà nísàlẹ̀ ọyàn, èyí tí ẹni tó bá dúró ò lè rí, àfi ẹni tó bá kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò ó, díákónì kan ò wo méje yòókù. Ó ní, “Ẹ gbé òrìṣà wá fún wa.” Olùṣọ́ àgùntàn dákẹ́. Wọ́n ní kí n gé ọwọ́ yẹn, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Igi tí mo fẹ́ fi ṣe é ti lọ, ihò ni ì bá kù láyà obìnrin náà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, wọn ò san owó tó kù, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà kó fi irin ṣe é. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti dárí jì wọ́n tán.

Mi ò gbà pé ọwọ́ yẹn burú. Láàárín 1947 sí 1954, ní Ọyẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ, George Bándélé àti Lámídì Fákẹ́yẹ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àwọn ará inú Bíbélì pẹ̀lú aṣọ àti adé Yorùbá. Mùsùlùmí ni Lámídì, ìjọ sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí díákónì ń fẹ́ yẹn, ayàwòrán kan, Albrecht Dürer, ló yà á ní Jámánì lọ́dún 1508. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni àdúrà. Sólómọ́nì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀run níwájú pẹpẹ, Pọ́ọ̀lù sì ní ká gbé ọwọ́ mímọ́ sókè. Ta ló wá sọ pé ọwọ́ ìyá wa ni kò mọ́?

Ẹ gbọ́ bí Dürer ṣe ṣe é: ọwọ́ yẹn nìkan ló kọ́kọ́ yà sórí pépà, kó tó kùn ún sínú àwòrán ńlá tó fẹ́ gbé sí pẹpẹ ìjọ. Àwòrán ńlá yẹn jóná lọ́dún 1729, pépà ọwọ́ ṣì wà ní Vienna. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àáké tó kan igi, ẹ ya ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ gbé e lọ bá gbogbo ẹni tó lè bá yín ṣe awuyewuye, kì í ṣe olùṣọ́ àgùntàn nìkan. Ẹ gba àsansílẹ̀ tó tó owó igi àti oúnjẹ ilé yín. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ọwọ́ tí ẹ yà, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́, ẹ yà á níṣojú wọn, kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù láàárín wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.