Omi, Iyọ̀, Edé: Ata Ló Kù

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé etí òkun l'Ékòó, ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ. Bí ẹnìkan bá wá dìde ní Àdénìkẹ́ tó ní òkun lòun fẹ́ gbé sí pálọ̀, pẹ̀lú iyùn ààyè àti ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára, tí àpò rẹ̀ kò sì wúwo, ẹ má tíì pè é ní wèrè. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀gá Wáyà ṣe é. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kéèyàn ṣe é parí kí ìyá ìyàwó tó dé.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣọ́wó ná dáa. Kò ra gíláàsì ẹja tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ́ọ̀mù ní Tákíé ló lọ, wọ́n gé gíláàsì 8 mm fún un: gígùn rẹ̀ 90 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 40, gíga 40. Tó bá kún dé ẹnu, lítà 144 nìyẹn. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ lọ́dọ̀ wọn ni silicone. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ wíńdò ilé ìwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bu, oògùn yẹn kì í sì í bá ẹja ṣọ̀rẹ́. Silicone lásán, 100%, lẹ máa bèèrè, èyí tó ń rùn bíi fínígà kó tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kẹ́ ẹ tó bu omi sí i. Ti tábìlì ńkọ́? Omi, òkúta, ìkarahun àti gíláàsì pa pọ̀ sún mọ́ 200 kg, tábìlì tẹlifíṣọ̀n á kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Kí wẹ́dà fi square pipe ṣe é, kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì nítorí iyọ̀ ń jẹ irin, kí bíríkìlà sì fi rọ́bà omi wọ̀n ọ́n bóyá ó tẹ́jú.

Fún ilẹ̀ inú gíláàsì, ìkarahun lílọ̀ ló dáa ju iyanrìn odò lọ, torí calcium carbonate ni. Wọn kì í ta iyanrìn òkun lágbègbè wa, ṣùgbọ́n adìẹ pọ̀ nílùú, ibi tí adìẹ ẹlẹ́yin bá sì wà, oyster shell á wà níbẹ̀. Nǹkan bíi 15 kg á ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ọ̀gá Wáyà lọ bá ìyá kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ.

"Adìẹ mélòó lẹ ní?"

"Ẹja ni mo fẹ́ lò ó fún, mà."

"Ẹja? Ẹja yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé?"

Kò tíì rí èsì fọ̀ tí ìyá náà fi gbé eegun lílọ̀ kalẹ̀, ó ní kó pò ó mọ́ ọn, ẹyin ẹja náà á tóbi. Ìmọ̀ràn àtọkànwá ni, ṣùgbọ́n phosphate ló kún inú eegun, phosphate ló sì ń bọ́ ewédò tó máa fi ara gíláàsì ṣe aṣọ. Ìkarahun nìkan. Kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún un fọ̀, títí omi rẹ̀ á fi dẹ́kun dídà bí ògì.

Òkúta náà, fúnra rẹ̀ ló mọ ọ́n: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí ìkarahun ìwọ̀n mẹ́rin, pẹ̀lú iyọ̀ oníhóró tó máa yọ́ kúrò kó lè dá ihò sí i. Inú ihò wọ̀nyẹn ni bakitéríà máa gbé. Sìmẹ́ńtì tuntun lè gbé pH omi kọjá 12, nítorí náà ó rì wọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀ fún bí oṣù méjì. Sùúrù yẹn yà wá lẹ́nu.

Omi ló kàn. Omi kànga wa dùn mu, ṣùgbọ́n nitrate àti phosphate lè wà nínú rẹ̀. Omi òjò orí páànù ń kó zinc bọ̀. Omi tó ń kán lára éè-sí lè kó bàbà, bẹ́ẹ̀ bàbà díẹ̀ báyìí ti tó láti pa iyùn, ìgbín òkun àti alákàn. Ẹni tó lówó á ra ẹ̀rọ RO/DI, èyí tó ń sẹ́ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò. Ẹni tí kò ní, kó ra TDS mítà tó ń ka iye ohun tó yọ́ sínú omi, kò tóbi ju bírò lọ, kó kó píọ̀ wọ́tà oríṣiríṣi kalẹ̀, kó máa tì í bọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ń lo RO, omi wọn á wà nítòsí òdo. Èyí tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń sẹ́ omi kànga lásán lè ju 100 lọ. Báàgì 12 ló rà nínú èyí tó dáa jù. Báàgì kan jẹ́ lítà 10, òkúta àti ìkarahun á gba àyè tó kù. Àwọn ará ilé rí i tó ń já ẹrù kalẹ̀ nínú Márúwà, wọ́n ní, "Ẹ̀ ń ṣe ìnáwó, ẹ ò sọ fún wa!" Eyín ló sì fi já gbogbo 240 náílọ́ọ̀nù yẹn. Sísọ́ọ̀sì wà nílé o.

Ibi iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú. Iyọ̀ inú òkun jẹ́ nǹkan bíi 35 gíráàmù nínú lítà kan, Ọ̀gá Wáyà sì ti ṣírò tirẹ̀: 120 lọ́nà 35, kìlógíráàmù mẹ́rin lé díẹ̀, ìyá oníyọ̀ ọjà á wọ̀n ọ́n fún un kíá. Ìṣirò náà pé, iyọ̀ ni kò pé. Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ sodium àti chloride, pẹ̀lú iodine tí wọ́n fi kún un. Lítà omi òkun kan ní magnesium tó tó 1300 mg àti calcium bíi 420 mg, ó tún ní bicarbonate tí kì í jẹ́ kí pH já wálẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi 8.2. Calcium yẹn ni iyùn olókùúta fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí èyí, iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún reef, ìyẹn ibùgbé iyùn, ló gbọ́dọ̀ rà, nǹkan bíi 4.5 kg fún omi rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù lẹ ti máa pò ó: omi kọ́kọ́, iyọ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, kí pọ́ǹpù máa rò ó di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ iyọ̀ lẹ kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀ tẹ́ ẹ wá rọ omi lé e lórí, calcium àti carbonate á dì mọ́ra wọn, wọ́n á di lẹ́búlẹ́bú funfun, owó yín ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, gbọ́dọ̀ ka 1.026. Iyọ̀ ọbẹ̀ ṣì wúlò o, fún ẹni tó ní refractometer, ohun mìíràn tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi: 36.5 gíráàmù nínú 963.5 gíráàmù omi tó mọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń ka 35 bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹja o. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù máa ń di ammonia, májèlé ni. Bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé ṣì ni. Òmíràn ló ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà. Kí wọ́n tó pọ̀ tó lára òkúta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan jẹ. Edé tútù kan ni wọ́n sábà máa ń jù sómi kó máa rà. Ta ló rí edé tútù l'Ógbómọ̀ṣọ́? Edé gbígbẹ ni Ọ̀gá Wáyà rà. Márùn-ún ti tó. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló kó sínú ìbọ̀sẹ̀, ó so ó, ó jù ú sí i ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ó wá lẹ páálí mọ́ ara gíláàsì pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́.

Màmá ìyàwó rẹ̀ dé láti Ìkòyí-Ilé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, torí oyún ọmọ rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó ti lọ sí kílíníìkì. Nẹ́pà ò mú iná wá, kànga ò lè fa omi, gbogbo ike inú ilé gbẹ. Màmá wo pálọ̀, ó rí omi gaara tó kún inú gíláàsì. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ lá: iyọ̀. Ó fa imú: edé. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà jáde, ó tú ẹnu rẹ̀, ó wò ó títí.

Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó dé rèé: "Mo mọ̀ pé nǹkan le, n ò mọ̀ pé ó ti débi kẹ́ ẹ máa po omi ọbẹ̀ oṣù kan sínú wíńdò."

Ata ló kù, ó sì ra ata. Ó bu korobá onílítà 10 kan. Ó fi ìdajì rẹ̀ se ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀, ó da edé inú ìbọ̀sẹ̀ sí i, ó fi kíúùbù méjì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdajì yòókù ló fi fọ ìbọ̀sẹ̀ náà, tó ń ṣàròyé pé ọṣẹ tí wọ́n ń ṣe láyé ìsinsìnyí kì í hó. Calcium àti magnesium ni, mà. Wọ́n máa ń gbá ọṣẹ mú ni, wọn kì í jẹ́ kó hó. Nígbà tí Nẹ́pà mú iná dé lọ́sàn-án, Màmá, ọmọlúàbí èèyàn, fa omi kànga, ó sì dá korobá kan padà síbi tó ti bù ú.

Ọ̀gá Wáyà dé lálẹ́, ó bu òkèlè àmàlà àkọ́kọ́, ó rì í sọ́bẹ̀, ó gbé e mì. Kò nílò hydrometer. Lítà omi òkun kan gbé iyọ̀ tó tó síbí ìjẹun méjì, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ yìí ti gbẹ lórí iná, ó ti kọjá òkun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi wo lẹ fi sè é?"

"Èyí tẹ́ ẹ ti pò sílẹ̀ náà ni."

"Ilé ẹja ni, Màmá."

"Ẹja ọ̀hún dà?"

Kò rí nǹkan kan sọ. Ẹja ṣì ku oṣù kan ààbọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lítà 10 jáde nínú 120, omi tí kò níyọ̀ wọlé dípò rẹ̀, 35 di 32, hydrometer bọ́ sí 1.024. Ká ní nǹkan ẹlẹ́mìí ti wà níbẹ̀ ni, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e sókè ju gíráàmù kan nínú lítà lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n òkúta nìkan ló wà níbẹ̀, ó bu omi díẹ̀ jáde, ó yọ́ 370 gíráàmù iyọ̀ òkun sí i, ó dà á padà. Edé ńkọ́? Mẹ́rin bíi márùn-ún ti bọ́ lẹ́nu ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí Màmá ń fà á jáde. Nígbà tó fi máa wọn ammonia, 2 mg ni nínú lítà, ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni ì bá ba nǹkan jẹ́.

Oṣù kan ààbọ̀ kọjá, ammonia àti nitrite bọ́ sí òdo. Ọmọ náà ti dé, ọkùnrin. Zoanthid àti mushroom coral, oríṣi iyùn méjì, ló fi bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í béèrè iná olówó ńlá: LED funfun 6500K àti búlúù, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Clownfish méjì, ẹja aláwọ̀ ọsàn ọjọ́sí, wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Èkó, nínú kúlà, wọ́n ti fẹ́ oxygen sínú náílọ́ọ̀nù wọn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù léfòó lórí omi fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa kán omi tiyín sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Omi tó bá wọn wá, ẹ dà á nù. Nítorí Nẹ́pà, pọ́ǹpù 12 V ló lò. Bátìrì 18 Ah lè gbé pọ́ǹpù 10 W fún bíi wákàtí mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹ lò ó kọjá ìdajì. Ibí yìí ni iṣẹ́ wáyà ti wúlò.

Oṣù Kẹta ló dán an wò. Omi ò gbọdọ̀ gbóná ju 27°C lọ, ó sì ń lọ sí 30. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi mú un sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n lítà méjì omi ló ń fò lọ lójúmọ́. Ọ̀gá Wáyà ń fi omi oníyọ̀ inú dúrọ́ọ̀mù dí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí hydrometer fi ka 1.030. Zoanthid di ẹnu mọ́, clownfish dúró sí kọ̀rọ̀ kan.

Màmá gbé ọmọ pọ̀n, ó ń wò ó bó ṣe tún ń bu omi oníyọ̀ bọ̀.

"Ọkọ mi, ọbẹ̀ tó bá gbẹ lórí iná, iyọ̀ lẹ tún máa ń bù sí i ni, àbí omi?"

Lítà 15 ló ní láti yọ kúrò, kó fi omi tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀, lítà mẹ́ta lójúmọ́ kó má bàa ṣe ẹja náà ní ìjàm̀bá. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀ nìyẹn. Màmá ló ń já a. Sísọ́ọ̀sì ló ń lò.